Wáyà Ni Àbí Aláìníwáyà? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Kámẹ́rà Ààbò

Ìbéèrè tí ó ń wọlé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ lórí kámẹ́rà ààbò ti pọ̀ débi pé mo pinnu láti fi ojú ìwé ti oṣù yìí jìn ín pátápátá. Mẹ́rin ni mo mú nínú àwọn lẹ́tà náà. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olúkúlùkù gbà béèrè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ó ń dà wọ́n láàmú: ṣé kí wọ́n fa wáyà ni, tàbí kí wọ́n ra èyí tí kò ní wáyà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé kan tí mo fi ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àdúgbò Under-G, lẹ́bàá yunifásítì LAUTECH. Yàrá 16 ni ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn olè jí bátìrì ínfátà gbé ní ilé tí ó tẹ̀ lé tèmi, mo fẹ́ fi kámẹ́rà mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé náà. Mo pe oníṣẹ́ méjì. Èkíní ní wáyà ni àwọn yóò fà yí ilé ká, pé iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni. Èkejì ní ayé ti kúrò níbẹ̀, pé aláìníwáyà ni kí n rà, pé wákàtí méjì ni òun yóò fi so ó, àti pé n kò ní nílò wáyà kankan. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn? — *Bàbá onílé, Under-G, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ìdáhùn: Bàbá wa, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Oníṣẹ́ kìíní ni kí ẹ bá dá iṣẹ́ pọ̀. Ohun tí èkejì sọ kẹ́yìn, pé ẹ kò ní nílò wáyà kankan, ni ó yẹ kí a tú palẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń náwó lẹ́ẹ̀mejì.

Nǹkan méjì ni kámẹ́rà kò lè ṣe aláìní: iná tí yóò fi ṣiṣẹ́, àti ọ̀nà tí àwòrán yóò gbà dé ibi tí a ti ń gbà á sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá pe kámẹ́rà kan ní aláìníwáyà, ọ̀nà àwòrán nìkan ni wọ́n ń wí. Yàtọ̀ sí àwọn tí ó ní bátìrì nínú, gbogbo kámẹ́rà Wi-Fi ni ó ń jẹ iná láti ara ògiri gẹ́gẹ́ bí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá so mẹ́rin irú rẹ̀ mọ́ igun ilé yín, oníná ṣì ní láti fa wáyà iná lọ sí igun kọ̀ọ̀kan, kí ó sì wá ibi tí òjò kò ti ní dé fún ṣájà kọ̀ọ̀kan lábẹ́ òrùlé. Wáyà tí ẹ ń sá fún ni ẹ padà fà yẹn, àwòrán yín kò sì gba inú rẹ̀ kọjá.

Bí ó bá ti wá jẹ́ pé a kò lè ṣe kí a má fa wáyà, ẹ jẹ́ kí wáyà kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Inú okùn nẹ́tíwọ̀kì tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní Cat5e tàbí Cat6, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ ni ó wà níbẹ̀, tí wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn ní méjì-méjì. Láti ọdún 2003 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti fi ìlànà lélẹ̀ pé iná lè gba inú okùn yìí kan náà tí àwòrán ń gbà. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni PoE (Power over Ethernet). Gẹ́gẹ́ bí ìlànà àkọ́kọ́ náà, súwíìṣì, ìyẹn àpótí kékeré tí gbogbo okùn kámẹ́rà so mọ́, lè ti wáàtì 15.4 sínú okùn kọ̀ọ̀kan, kí wáàtì 12.95 sì dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà lẹ́yìn èyí tí ó ṣòfò lójú ọ̀nà. Kámẹ́rà ilé tí ó wọ́pọ̀, pẹ̀lú iná tí ó fi ń ríran lóru, kì í jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tilẹ̀ jẹ dé òpin, wáàtì bíi 52 ni gbogbo rẹ̀, èyí tí kò tó ohun tí gílóòbù wáàtì 60 àtijọ́ kan ń jẹ.

Mo tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ iná yìí nítorí ibi tí a ń gbé. Kò sí ẹni tí ó ní láti sọ fún yín pé iná a máa lọ, àti pé àárín òru tí gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn ni olè máa ń yàn. Bí ó bá jẹ́ PoE ni ẹ lò, láti ojú kan ṣoṣo ni iná gbogbo kámẹ́rà ti ń jáde, ìyẹn inú yàrá tí súwíìṣì àti ẹ̀rọ agbàwòrán-sílẹ̀ wà. Ínfátà kékeré kan níbẹ̀ ti tó, gbogbo kámẹ́rà yóò sì wà lójúfò títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ó bá jẹ́ ti Wi-Fi ni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ti ń jẹun, nítorí náà, àfi kí gbogbo ilé wà lórí ínfátà kí wọ́n tó lè wà láàyè nígbà tí iná bá lọ, tàbí nígbà tí olè bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa á láti ibi mítà.

Ìdí kejì ni Under-G fúnra rẹ̀. Ìgbì 2.4 GHz tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Wi-Fi ń lò kò ní ju ojú ọ̀nà mẹ́ta lọ tí wọn kò fi ní gun ara wọn lórí, àwọn ni 1, 6 àti 11. Lórí ojú ọ̀nà mẹ́ta yìí ni rọ́tà (ẹ̀rọ tí ń pín Wi-Fi) ilé yín, rọ́tà ilé kejì, ti ilé kẹta, àti hotspot tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tan lórí fóònù wọn nínú yàrá kọ̀ọ̀kan yóò ti máa ja ìjà àyè. Ẹni tí ó ń ka ìròyìn lórí fóònù lè fara da kí ojú ìwé pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ṣí. Kámẹ́rà kò lè fara dà á, nítorí tọ̀sán-tòru ni ó ń sọ̀rọ̀ láìsinmi, ìṣẹ́jú àáyá tí ọ̀nà bá sì dí mọ́ ọn lọ́wọ́ ni àwòrán yóò dúró sójú kan. Ó tún wà nínú ohun tí àwọn ọmọ tí ó gbọ́n nípa kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ènìyàn lè dúró sí ẹ̀yìn ọgbà kí ó máa fi àṣẹ èké ránṣẹ́ pé kí kámẹ́rà já kúrò lórí Wi-Fi. Ìwòsàn rẹ̀ ti wà láti ọdún 2009, ìlànà ààbò Wi-Fi tí wọ́n ń pè ní WPA3, tí ó jáde ní ọdún 2018, sì sọ ọ́ di dandan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú ni kò ní i. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa kámẹ́rà oníwáyà lẹ́nu mọ́ ní láti wá fọwọ́ kan wáyà rẹ̀, kámẹ́rà yóò sì ti rí ojú rẹ̀ kí ó tó débẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró tì í. Okùn tí wọ́n fi ògidì bàbà ṣe ni kí ẹ rà. Ayédèrú tí ó kún ọjà ni alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára, kì í gbé iná dáadáa, ó máa ń gbóná, ó sì máa ń kán níbi tí a bá ti ká a. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ọ̀kan nínú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà: bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà. Okùn kankan kò gbọ́dọ̀ gùn ju mítà 100 lọ láti súwíìṣì dé kámẹ́rà. Inú páìpù ni kí ó gbà, nítorí eku àjà kò mọ̀ pé ohun tí òun ń jẹ ni ojú tí ń ṣọ́ ilé.

Ẹ béèrè pẹ̀lú pé ọjọ́ mélòó ni àwòrán yóò fi wà nílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó máa pa àtijọ́ rẹ́. Kámẹ́rà tí ó ń kọ mẹ́gábíìtì 2 (2 Mb, kì í ṣe 2 MB) ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò gba àyè bíi 21.6 GB láàárín ọjọ́ kan. Mẹ́rin yóò gba 86.4 GB, èyí tí ó túmọ̀ sí pé dísìkì 1 TB yóò kún láàárín ọjọ́ bíi 11. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa lọ sí ìsinmi jù bẹ́ẹ̀ lọ, olè sì lè wá ní ọjọ́ kejì tí wọ́n lọ, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ títí wọn yóò fi dé. Ẹ má ṣe ra ohun tí ó dín sí 2 TB, kí ẹ sì ti ẹ̀rọ náà mọ́ inú àpótí onírin, nítorí bí wọ́n bá gbé e lọ, ẹ̀rí lọ nìyẹn.

Ohun kan ṣẹ́kù tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n tí n kò lè fojú fò. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 dáàbò bo gbogbo ohun tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀, àwòrán wà lára rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ọgbà, ẹ̀yìn ilé àti ibi tí jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì wà ni kí kámẹ́rà yín kọjú sí. Kò gbọ́dọ̀ wo fèrèsé yàrá, kò sì gbọ́dọ̀ wo ọ̀nà balùwẹ̀ rárá. Ọmọbìnrin tí ó san owó ilé fún yín ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí kámẹ́rà wà, kí ó sì lè fa aṣọ ìnura mọ́ra kọjá láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wò ó. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri pé kámẹ́rà wà níbí.

Ìbéèrè: Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta aṣọ ní Tákíè, mo háyà rẹ̀ ni, onílé kò sì gbà kí n lu ògiri. Kámẹ́rà Wi-Fi kan ni mo fẹ́ rà, ṣùgbọ́n ọmọ mi sọ pé yóò jẹ gbogbo dátà mi tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé òótọ́ ni? — *Ìyá aláṣọ, Tákíè*

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ajé á wọ igbá o. Fún ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn háyà, aláìníwáyà ni mo fara mọ́, torí lọ́jọ́ tí ẹ bá kó kúrò, ẹ ó kó o mọ́ ẹrù yín.

Ní ti dátà, ọmọ yín kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Wi-Fi yàtọ̀ sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wi-Fi ni ọ̀nà inú ṣọ́ọ̀bù, láti ọ̀dọ̀ kámẹ́rà dé ọ̀dọ̀ rọ́tà. Íńtánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà tí ó jáde kúrò níbẹ̀ lọ sí ìta, òun ni ẹ ń fi dátà ra. Bí kámẹ́rà bá ń kọ àwòrán sórí mẹ́mọ́rì tí ó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni dátà tí yóò jẹ. Ìgbà tí ẹ bá jókòó sílé tí ẹ ń fi fóònù wo ṣọ́ọ̀bù, tàbí tí ẹ bá gbà kí ó máa kó àwòrán pamọ́ sí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, ni dátà yóò máa lọ. Wákàtí kan gbáko tí ẹ bá fi wò ó ní ìwọ̀n mẹ́gábíìtì 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò jẹ nǹkan bíi 900 MB. Ẹ yàn án nínú ètò rẹ̀ pé kí ó máa fi àwòrán tí kò mọ́ jù ránṣẹ́ sí fóònù, kí ó sì tọ́jú èyí tí ó mọ́ sórí mẹ́mọ́rì. Ẹ sì sọ fún un pé ìgbà tí nǹkan bá rìn nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn tí ẹ ti tìlẹ̀kùn nìkan ni kí ó fi àwòrán kékeré ránṣẹ́ síta, nítorí olè lè yọ mẹ́mọ́rì náà lọ, ṣùgbọ́n kò lè yọ èyí tí ó ti dé orí fóònù yín.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá rà á gan-an, kí ọmọ yín pa pásíwọ́ọ̀dù tí ó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ dà. Ní ọdún 2016, ètò ìkà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún kámẹ́rà àti rọ́tà káàkiri ayé, nítorí pé pásíwọ́ọ̀dù àtilẹ̀wá ni àwọn tí ó ni wọ́n fi sílẹ̀ lórí wọn. Àwọn ọ̀daràn fi wọ́n kọlu Dyn, ilé-iṣẹ́ tí ń júwe ọ̀nà sí àwọn ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní oṣù kẹwàá ọdún náà, débi pé Twitter àti Netflix kò ṣe é wọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí ní apá púpọ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí ó ni kámẹ́rà wọ̀nyẹn kò tilẹ̀ mọ̀ pé kámẹ́rà wọn wà lára ogun.

Ìbéèrè: Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá mi, tí wọ́n ti lé ní ẹni 80 ọdún, ń gbé nínú agbo ilé wa ní Ìṣokùn, Ọ̀yọ́. Mo ra kámẹ́rà Wi-Fi méjì kí n lè máa rí i pé àlàáfíà ni wọ́n wà. Èyí tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí rọ́tà wà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Èyí tí mo fi sí ẹnu ọ̀nà ńlá, ní ìkọjá àgbàlá, kì í dúró ire, bí òjò bá sì ti rọ̀, kì í gbé àwòrán wá mọ́ rárá. Kí ni mo ṣe tí kò dára? — *Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Ìyá. Ilé náà ni kò jẹ́ kí ìgbì kọjá. Ògiri amọ̀ àwọn baba wa nípọn gan-an, ní àkókò òjò sì ni ó máa ń fa omi mọ́ra. Omi a máa mu ìgbì Wi-Fi bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi. Páànù tí ó borí ilé àti ilẹ̀kùn onírin tilẹ̀ tún ju amọ̀ lọ, torí dídá ni wọ́n ń dá ìgbì padà. Bí ìgbì bá wá ní láti gba ògiri méjì àti etí páànù kan kọjá kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ńlá, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ẹnìkan lè ní kí ẹ ra ẹ̀rọ tí ń tún Wi-Fi sọ, kí ẹ gbé e sí agbede méjì. N kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú wọn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí ojú ọ̀nà kan, ó sì tún ń sọ ọ́ jáde lórí ojú ọ̀nà kan náà, nítorí náà, ìdajì agbára ọ̀nà náà ni ó máa ń kù. Okùn nẹ́tíwọ̀kì kan ni kí ẹ fà láti ara rọ́tà kọjá sí ilé iwájú, kí kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà so mọ́ ọn bí ó bá ní ojú okùn, tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ Wi-Fi kejì sí ìdí okùn náà níbẹ̀. Agbo ilé yín kò lè tó mítà 100.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ní ilé bàbá mi, mo fa okùn láti ilé kan sí èkejì ní gbangba, mo nà án bí ẹni na okùn aṣọ, n kò sì fi ohun ìdáàbòbò kankan sí i. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń bọ̀, àrá sán. Kò kan ilé, kò kan igi ọgbà wa pàápàá. Àmọ́ agbára iná tí ó fò wọ inú okùn náà jó súwíìṣì, ó jó ẹ̀rọ agbàwòrán-sílẹ̀, ó sì pa kámẹ́rà mẹ́ta. Ọ̀yọ́ ni mò ń wí, ìlú Ṣàngó, ibi tí ọmọdé pàápàá ti mọ̀ pé a kì í fojú kékeré wo àrá. Ó dùn mí púpọ̀ nítorí mo mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe, mo sì fi í sílẹ̀ dìgbà mìíràn.

Ohun tí ó yẹ náà ni pé okùn tí ó bá kúrò nínú ilé kan lọ sí òmíràn ní láti ní ohun tí ń gba agbára àrá dúró ní ìdí méjèèjì, kí wáyà sì ti ara ohun náà wọ inú ilẹ̀, èyí tí àwọn oníná ń pè ní earthing. Bí kò bá sí wáyà tí ó wọ ilẹ̀, ohun ìdáàbòbò náà kò ní ibi tí yóò da agbára ọ̀hún sí. Ẹ tún lè lo okùn fáíbà ní ibi tí ó gba gbangba kọjá. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gba inú rẹ̀, kì í gbé iná, ṣùgbọ́n ẹ yan èyí tí wọn kò fi irin sí inú rẹ̀. Níbi tí ẹ kò bá ti lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ kí Wi-Fi gba ojú òfuurufú àgbàlá kọjá, kí ó má gba ara ògiri: ẹ gbé ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré kan sábẹ́ òrùlé níta, kí ó máa wo kámẹ́rà náà lójú kòrókòró.

Ṣé ẹ ti bi Ìyá léèrè kí ẹ tó so èyí tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀? Mo béèrè nítorí pé lẹ́tà yín kò sọ ọ́. Àgbà tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún yẹ lẹ́ni tí a ń jókòó tì, kí a fi àwòrán náà hàn án lórí fóònù, kí a sì gbọ́ ohun tí yóò sọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ yí i kúrò ní ibi tí wọ́n ti ń tú gèlè, ẹ yí i. Ẹ sọ fún baálé agbo ilé pẹ̀lú, torí àgbàlá kì í ṣe ti Ìyá nìkan, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà ńlá yóò sì máa rí gbogbo ẹni tí ó bá wọlé tọ àwọn ará ilé yòókù wá.

Ìbéèrè: Oko adìẹ mi wà ní ọ̀nà Ìkòyí, kò sí iná ìjọba níbẹ̀. Ṣé kámẹ́rà olósólà tí ó ń lo síìmù lè ṣiṣẹ́? — *Àgbẹ̀ kan, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ìdáhùn: Ẹ kú oko o. Ó lè ṣiṣẹ́, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì tọ́ sí. Ẹ kàn mọ̀ pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ máa ń sùn kí bátìrì má baà tán, ìgbà tí ó bá gbọ́ ooru ara ènìyàn tàbí ẹran tí ó ń kọjá ni ó máa ń jí. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lè ti kọjá kí ojú rẹ̀ tó là, nítorí náà, ẹ kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà tí ènìyàn yóò rìn fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dé ilé adìẹ, kí ẹ má ṣe kọjú rẹ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ máa nu eruku kúrò lójú páńẹ́ẹ̀lì sólà rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí ẹ tó ra síìmù, ẹ mú fóònù tí ó ní síìmù ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án, kí ẹ sì tún padà lọ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà tí gbogbo ènìyàn wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ó bá lè gbé fídíò dáadáa ní alẹ́ ni kí ẹ fi sínú kámẹ́rà.